Ta Ni Yóò Pe Ìrun ní Ọjọ́ Kẹjọ?

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́ ayé, Àṣàkẹ́ ọ̀run. Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni, Ẹni tí Ó fi ìmọ̀ ṣe ìmọ́lẹ̀ fún ọmọnìyàn. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànọ́bì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàábé rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó bá tọ ipa ọ̀nà wọn títí di ọjọ́ ẹ̀san.



Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí a jọ sọ lọ́sẹ̀ yìí dá lórí ìrìn-àjò dáwà. Ẹni tí ó bá ń gbé agbègbè wa yìí, láti Ìkòtún dé Ẹ̀gbẹ́dá, láti Ìgándò dé Ìdímù, yóò ti gbọ́ ìkéde rẹ̀ rí níbi àsàlátù ọjọ́ Àìkú. Ẹgbẹ́ kan fẹ́ lọ ṣe dáwà ọ̀sẹ̀ kan ní abúlé kan ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ tàbí ilẹ̀ Tógò. Wọn á ní kí a dá owó mọ́tò. Wọn á ní kí a kó aṣọ tí a kò wọ̀ mọ́ wá, kí a mú Àlùkùránì, búta, ẹní ìkírun àti ìrẹsì wá. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, wọn á padà dé. Fọ́tò á kún orí WhatsApp. Wọn á ka iye ẹni tí ó gba ẹ̀sìn fún wa, àwa náà á sì ké "Allāhu Akbar". Inú wa á dùn, ó sì yẹ kí ó dùn.

Èmi náà ti bá irú wọn lọ rí, mo sì mọ adùn rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ béèrè ìbéèrè kan tí a kì í sábà béèrè. Nígbà tí mọ́tò wa bá ti padà sí Èkó, tí ilẹ̀ ọjọ́ kẹjọ bá mọ́, ta ni yóò pe ìrun ní abúlé yẹn? Ta ni yóò bọ́ síwájú kírun fún wọn? Ta ni yóò fi bí a ṣe ń ṣe àlùwàlá han ẹni tí ó gba ẹ̀sìn ní ọjọ́ kẹta?

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọjọ́ kẹjọ ni ọjọ́ ìkómọ. Ọjọ́ náà ni ọmọ ń gba orúkọ, tí gbogbo ẹbí ń pé jọ láti sọ pé, ọmọ wa nìyí, àwa ni a ó tọ́ ọ. Ẹni tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ẹ̀sìn, ọmọ tuntun ni. Ṣùgbọ́n wo ohun tí à ń ṣe: ọjọ́ kẹjọ tí ó yẹ kí ó rí ẹbí rẹ̀, ọjọ́ yẹn gan-an ni àwa tí a bí i sínú ẹ̀sìn ń di ẹrù wa lọ. Èrò tèmi ni pé iye ẹni tí ó ka kálìmá níwájú wa kọ́ ni ó yẹ kí a fi wọn ìrìn-àjò dáwà. Ohun tí ó ṣẹ́ kù nígbà tí a kò sí níbẹ̀ mọ́ ni kí a fi wọ̀n ọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ nípa ibi tí à ń lọ, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò mọ̀ ọ́n dáadáa. Bí a bá gba Sàngó Ọ̀tà dé Òwòdé, tí a gba Ìdí-Ìrókò kọjá sí Ìgólò, a ti wọ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ nìyẹn. Níwájú ni Ṣákẹ́tẹ́, Pọ́bẹ̀ àti Kétu wà. Séfà ni wọ́n ń ná níbẹ̀, Faransé ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ wọn nílé ìwé, zémidjan ni wọ́n ń pe ọ̀kadà. Ṣùgbọ́n Yorùbá ni ọ̀pọ̀ wọn ń sọ nínú ilé. Ní 1889 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti ìjọba Faransé fẹnu kò lórí ibi tí ààlà yóò gbà, wọ́n sì pín ọmọ ìyá sí méjì. Kétu tí à ń sọ yìí, ọ̀kan nínú àwọn ìlú aládé àtijọ́ ilẹ̀ Yorùbá ni.

Ẹ̀sìn Ìsìláàmù náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé agbègbè yẹn. Àwọn oníṣòwò àti àwọn ààfáà tí ń rìn láti ìlú dé ìlú ti gbé e débẹ̀ tipẹ́. Ẹni tí ó bá dé Àjàṣẹ́, tí ìjọba ń pè ní Porto-Novo, yóò rí mọ́ṣáláṣí ńlá kan tí a kọ́ ní irú iṣẹ́ ọnà tí àwọn tí ó padà dé láti Bùràsíìlì mú bọ̀. Àwọn Mùsùlùmí ń kírun níbẹ̀ kí a tó bí púpọ̀ nínú àwọn òbí wa.

Ohun mìíràn wà tí ó yẹ kí ó mú wa rẹ ara wa sílẹ̀. Sheikh Adam Abdullah Al-Ilori, tí ó dá Márkásì sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1952, tí ó sì gbé e wá sí Agége ní 1955, ìlú Wasa ní ilẹ̀ Dahomey ni wọ́n ti bí i ní 1917. Ilẹ̀ Dahomey yẹn ni à ń pè ní Bẹ̀nẹ̀ lónìí. Ìlọrin ni bàbá rẹ̀ ti wá. Agége kò jìnnà sí wa rárá. Nínú àwọn ààfáà tí ń kọ́ ọmọ wa ní Alímọ̀ṣọ́ yìí, ọ̀pọ̀ ló jẹ́ ọmọ Márkásì, tàbí ọmọ ilé-kéwú tí ọmọ Márkásì dá sílẹ̀. Ilẹ̀ tí a rò pé a fẹ́ lọ là lójú, ibẹ̀ ni a ti bí ẹni tí ó la àwọn olùkọ́ wa lójú. Kí ẹni tí ó ń lọ máa rántí èyí kí ó tó gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sókè.

Abúlé tí mo bá àwọn kan dé kò jìnnà sí Pọ́bẹ̀. Oko àgbàdo, oko ẹ̀gẹ́ àti igi ọ̀pẹ ni ó yí i ká. A kí baálẹ̀, wọ́n gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀, wọ́n fún wa ní yàrá, wọ́n sì ń gbé oúnjẹ wá láìjẹ́ pé a béèrè. Ìmáàmù wọn jẹ́ àgbẹ̀ tí ó ti dàgbà. Ó ti ń kírun fún wọn kí púpọ̀ nínú wa tó mọ àlífù. Ó mọ Fátíà àti súrà kéékèèké díẹ̀, ó sì máa ń ṣi harafu kan sí òmíràn bí ó bá ń ké e. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, ọ̀kan nínú àwọn oníwàásì wa gbé gbohùngbohùn, ó sì sọ níwájú tọmọdé tàgbà pé ìrun ẹni tí kò mọ Fátíà ké dáadáa kò pé. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n gbogbo ojú yí sí bàbá náà. Bàbá kò fèsì. Nígbà tí a fẹ́ kí Àsùbáà, ó dúró sí ìlà ẹ̀yìn, ó ní kí àwọn ààfáà Èkó kírun fún àwọn.

Bàbá yẹn ń sin Ọlọ́hun pẹ̀lú ìwọ̀nba tí ó mọ̀. Òun nìkan ni a lè fi ọkàn tán pé yóò wà níbẹ̀ ní ọjọ́ kẹjọ láti pe ènìyàn sí ìrun, òun náà ni ọ̀rọ̀ ọjọ́ kejì wa lé sẹ́yìn. Àgbàlagbà kan nínú wa ni ó lọ jókòó tì í lálẹ́ ọjọ́ náà, ó bẹ̀ ẹ́, wọ́n sì jọ ń ké Fátíà ní jẹ́jẹ́, harafu sí harafu, ní gbogbo alẹ́ tí ó kù. Nígbà tí a ń lọ, bàbá ti padà síwájú. Nínú gbogbo iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ yẹn, mo gbà pé ìjókòó tí ẹnikẹ́ni kò ya fọ́tò rẹ̀ yẹn ni ó tóbi jù.

Ìyá àgbàlagbà kan wà níbẹ̀ tí ó gba ẹ̀sìn ní ọjọ́ karùn-ún. Nígbà tí a ń kí i pé ó kú oríire, ó ní: "Ẹ ṣé o, ààfáà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá lọ tán, tí mo bá gbàgbé, ta ni n ó bi?" Ẹ̀yin ará, ìbéèrè ìyá yìí ju gbogbo wàásì wa lọ.

Kí ni ìlànà Ànọ́bì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) lórí irú ọ̀rọ̀ báyìí? Ẹ jẹ́ kí a wo mẹ́ta.

Èkíní ni ti Musʿab ọmọ ʿUmayr. Àwọn ọkùnrin méjìlá láti Yathrib, tí ó di Mẹ̀dínà lẹ́yìn náà, ṣe àdéhùn pẹ̀lú Ànọ́bì ní ʿAqabah. Ànọ́bì kò kàn kí wọn pé ó dìgbóṣe. Ó rán Musʿab tẹ̀lé wọn láti lọ máa kọ́ wọn ní Àlùkùránì. Musʿab dé sílé Asʿad ọmọ Zurārah, ó bá wọn gbé, ó bá wọn jẹ, ó bá wọn mu. Nígbà tí ó di àsìkò hájì ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ọkùnrin mẹ́tàléláàádọ́rin àti obìnrin méjì ni ó wá ṣe àdéhùn. Olùkọ́ kan ṣoṣo ni, ṣùgbọ́n ó dúró.

Èkejì ni ti Mālik ọmọ Huwayrith, ìtàn rẹ̀ sì wà nínú Bukhari. Òun àti àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ wá bá Ànọ́bì láti ìlú wọn, wọ́n sì lo ogún òru lọ́dọ̀ rẹ̀. Ànọ́bì rí i pé ọkàn wọn ti ń fà sílé. Ó ní kí wọ́n padà sọ́dọ̀ àwọn ará ilé wọn, kí wọ́n máa gbé láàrin wọn, kí wọ́n máa kọ́ wọn, kí wọ́n sì máa kírun bí wọ́n ṣe rí i tí òun ń kírun. Ẹ kíyè sí i: àwọn ọ̀dọ́ ìlú náà ni ó wá, wọ́n kọ́ ẹ̀kọ́, wọ́n sì padà di olùkọ́ ní ìlú wọn. Ohun tí Ọlọ́hun sọ nínú Súrátù-Tawbah, ẹsẹ 122, bá èyí mu: pé gbogbo onígbàgbọ́ kò ní jáde lọ lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n kí àwọn kan jáde nínú ìjọ kọ̀ọ̀kan láti lọ ní àgbọ́yé ẹ̀sìn, kí wọ́n lè máa ṣe ìkìlọ̀ fún àwọn ènìyàn wọn nígbà tí wọ́n bá padà dé.

Ẹ̀kẹta ni ti Muʿādh àti Abū Mūsā nígbà tí ó rán wọn lọ sí Yemen. Ó ní kí wọ́n mú nǹkan rọrùn, kí wọ́n má ni àwọn ènìyàn lára. Kí wọ́n fún wọn ní ìró ayọ̀, kí wọ́n má lé wọn sá. Kí àwọn méjèèjì sì fi ọ̀rọ̀ ṣe ọ̀kan. Ó ka iṣẹ́ náà ní ẹsẹẹsẹ fún Muʿādh: kí ó kọ́kọ́ pè wọ́n sí ìjẹ́rìí, bí wọ́n bá gbà, kí ó sọ fún wọn nípa ìrun márùn-ún, bí wọ́n bá gba ìyẹn, kí ó tó dé orí sàká. Muʿādh kò kó gbogbo fíkíhì lé wọn lórí ní alẹ́ kan.

Kí ni ó máa ń ṣẹlẹ̀ bí ìkọ́ni bá dáwọ́ dúró? Ẹ jẹ́ kí a fojú lọ sí erékùṣù Madagascar, ní òkun ìlà-oòrùn Áfíríkà. Àwọn ènìyàn kan wà ní gúúsù ìlà-oòrùn ibẹ̀ tí à ń pè ní Antemoro. Àwọn baba ńlá wọn mú harafu Lárúbáwá wá sí ilẹ̀ náà ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún sẹ́yìn, wọ́n sì fi ń kọ èdè wọn sínú ìwé tí wọ́n ń pè ní Sorabe. Ṣùgbọ́n àwọn olùkọ́ kò wá mọ́. Bí ìran ti ń rọ́pò ìran, ìrun lọ, ààwẹ̀ lọ. Ohun tí ó kù lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wọn ni pé a kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, àti àwọn ìwé àtijọ́ tí àwọn akọ̀wé díẹ̀ nìkan lè kà. Harafu wà, ṣùgbọ́n kò sí ìrun.

Ọ̀dọ̀ àwọn wọ̀nyí ni dókítà ará Kuwait kan, Abdurrahman As-Sumait, wà nínú àwọn tí ó lọ ṣiṣẹ́ láàrin wọn. Ní 1981 ni òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá àjọ sílẹ̀ fún iṣẹ́ ní Áfíríkà, èyí tí a mọ̀ sí Direct Aid lẹ́yìn náà. Ó lo èyí tí ó ju ogún ọdún lọ lẹ́nu iṣẹ́ yìí kí ó tó jáde láyé ní 2013. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Ọba Faisal fún iṣẹ́ sí Ìsìláàmù ní 1996. Ó lè jókòó sí ọsibítù ní ìlú rẹ̀ kí ó máa gba owó ńlá. Ṣùgbọ́n kànga ni ó ń gbẹ́, ilé-ìwé ni ó ń kọ́, ọmọ òrukàn ni ó ń tọ́. Kò sí ẹni tí ó ní kí gbogbo wa dà bí As-Sumait. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ rẹ̀ hàn kedere: ẹni tí ó fẹ́ kí ẹ̀sìn fìdí múlẹ̀ níbì kan gbọ́dọ̀ ṣètò fún ìgbà tí òun kò ní sí níbẹ̀.

Nísinsìnyí, mo fẹ́ tọ́ka sí àwọn nǹkan tí ó máa ń ba ọ̀sẹ̀ kan yìí jẹ́, kì í ṣe láti bú ẹnikẹ́ni.

Ìkíní ni kíka iye ènìyàn. Àwọn àgbà ní ẹni tí ó gbin ọgọ́rùn-ún èbù tí ó ní òun gbin igba, bí ó bá jẹ ọgọ́rùn-ún òtítọ́ tán, yóò jẹ ọgọ́rùn-ún irọ́. Ẹni tí ó ka kálìmá nítorí pé ìlà ìrẹsì gbà á kọjá kò tíì mọ ohun tí ó wọ̀. Kí a fún ebi ní oúnjẹ, nítorí pé sàárà ni. Ṣùgbọ́n kí a fún Mùsùlùmí, kí a fún oníṣọ́ọ̀ṣì, kí a fún onígbàgbọ́ òrìṣà, láìso ó mọ́ kálìmá. Kò sí ìpá nínú ẹ̀sìn, àwo ìrẹsì fún ẹni tí ebi ń pa sì lè di ìpá.

Ìkejì ni fọ́tò. Ṣé a máa fẹ́ kí ẹnìkan wọ àdúgbò wa ní Ìkòtún, kí ó ya fọ́tò ìyá wa pẹ̀lú aṣọ àlòkù tí ó fún un lọ́wọ́, kí ó sì gbé e káàkiri orí fóònù? Ohun tí a kò fẹ́ fún ìyá wa, kí a má ṣe é fún ìyá ẹlòmíràn. Ríyà ń bẹ níbẹ̀ pẹ̀lú, ó sì máa ń wọlé láìkan ilẹ̀kùn.

Ìkẹta ni bíbú ohun tí àwọn onílé ń sìn. Agbègbè Kétu ni ilé Gẹ̀lẹ̀dẹ́, òrìṣà sì ń bẹ ní ọ̀pọ̀ agbolé. Ọlọ́hun ti kọ̀ fún wa nínú Súrátù-Anʿām, ẹsẹ 108, pé kí a má bú àwọn tí wọ́n ń pè lẹ́yìn Rẹ̀, kí wọ́n má baà bú Ọlọ́hun láìní ìmọ̀. Ẹni tí ó sùn sílé baálẹ̀, tí ó jẹ oúnjẹ baálẹ̀, tí ó wá ń fi gbohùngbohùn bú ohun tí bàbá baálẹ̀ sìn, kò ṣe dáwà, kò sì ṣe ọmọlúàbí. A lè sọ pé Ọlọ́hun jẹ́ Ọ̀kan láìbú ẹnikẹ́ni.

Ìkẹrin ni gbígbé ìjà wa láti Èkó lọ síbẹ̀. Kùnúùtì, Máúlídì, ibi tí à ń gbé ọwọ́ sí lórí ìrun, gbogbo rẹ̀ ni a máa ń dì sínú àpò lọ. Abúlé tí ó ní mọ́ṣáláṣí kan ṣoṣo kí a tó dé, bí a bá fi í sílẹ̀ pẹ̀lú mọ́ṣáláṣí méjì tí kò kí ara wọn, ṣé a ti ṣe é lóore?

Ìkarùn-ún ni èdè. Ọlọ́hun kò rán òjíṣẹ́ kan àfi pẹ̀lú èdè àwọn ènìyàn rẹ̀. Yorùbá tí a fi Gẹ̀ẹ́sì dí lójú kò yé wọn, nítorí pé òyìnbó tiwọn ti Faransé ni. Ẹ sọ Yorùbá gidi. Níbi tí ó bá jẹ́ Gùn tàbí Fọ̀n ni wọ́n ń sọ, ẹ wá ọmọ ibẹ̀ tí yóò ṣe ògbufọ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé: "Ààfáà, ọwọ́ Ọlọ́hun ni ìmọ̀nà wà, tiwa ni kí a jíṣẹ́." Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ̀ jù nínú wa pé ọwọ́ Ọlọ́hun ni ìmọ̀nà wà ni Ànọ́bì, òun náà ni ó sì rán Musʿab lọ gbé ní Mẹ̀dínà. Ìjíṣẹ́ kò tíì pé nígbà tí ẹni tí a jẹ́ ẹ fún kò tíì mọ ohun tí yóò ṣe.

Àwọn mìíràn yóò sọ pé: "Kí ni a ń wá lọ sí Bẹ̀nẹ̀, nígbà tí ọ̀pọ̀ ọmọ Mùsùlùmí ní Ẹ̀gbẹ́dá kò kírun?" Ìbéèrè gidi ni èyí náà. Kí ẹni tí kò tíì kọ́ ọmọ rẹ̀ nílé má sá lọ sí oko dáwà. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ṣùgbọ́n bí àwọn ààfáà àtijọ́ bá ti dúró kí gbogbo Ìlọrin mọ̀ ọ́n kà tán kí wọ́n tó jáde, ta ni ìbá ti dé ọ̀dọ̀ wa ní Èkó? Iṣẹ́ méjèèjì ni a ó jọ máa ṣe.

Kí ni kí a wá ṣe? Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bí olùkọ́ ṣe ń kọ iṣẹ́ sára pátákó.

Kí ẹni méjì kọ́kọ́ lọ kí gbogbo ẹgbẹ́ tó lọ. Kí wọ́n rí baálẹ̀, kí wọ́n jókòó ti ìmáàmù, kí wọ́n bi í pé: "Bàbá, kí ni ẹ fẹ́ kí a bá yín ṣe?" Ó lè jẹ́ pé kànga ni, kì í ṣe wàásì. Kí wọ́n sì rí i pé gbogbo ẹni tí yóò kọjá ààlà ní ìwé tí ó bófin mu.

Kí ìmáàmù abúlé jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí a ó kọ́, níkọ̀kọ̀ àti pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Bí ọ̀sẹ̀ kan bá kọjá tí Fátíà rẹ̀ sì dára sí i, gbogbo abúlé ni ó jèrè.

Kí àwọn obìnrin olùkọ́ wà nínú àwọn tí ń lọ. Ọ̀rọ̀ nǹkan oṣù àti ìwẹ̀ jánábà kì í ṣe ohun tí ìyá àgbà yóò wá bi ọ̀dọ́mọkùnrin láti Ìgándò.

Kí ohun tí a ó kọ́ni kéré, kí ó sì yé wọn. Ọmọ tí ó ń wá sí ilé-kéwú wa láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè, oṣù mélòó ni ó fi ń lò lórí àlífù, báà, táà? Kí ló dé tí a fi rò pé àgbẹ̀ ẹni ọgọ́ta ọdún yóò mọ gbogbo ẹ̀sìn ní ọjọ́ méje? Àlùwàlá, Fátíà àti ìrun tó fún ọ̀sẹ̀ kan.

Kí á pín owó sí méjì. Bí a bá dá owó kan fún lílọ, kí a dá irú rẹ̀ fún dídúró. Owó aṣọ ẹgbẹ́, owó bọ́ọ̀sì kejì àti owó àwọn ayàwòrán lè di owó oṣù olùkọ́ kéwú kan ní abúlé fún ìgbà pípẹ́. Tàbí kí a mú ọ̀dọ́ méjì láti ibẹ̀ wá sí ilé-kéwú tiwa, kí a fún wọn ní ibùsùn àti oúnjẹ, kí wọ́n kàwé dé Ìdáádì ó kéré tán, kí wọ́n sì padà sílé bí Mālik ọmọ Huwayrith ti padà. Àwọn òbí tí ó ní yàrá kan tí ó ṣófo nílé, iṣẹ́ dáwà yín nìyẹn. Ẹ kò ní kọjá Ìyànà-Ìpájà rárá.

Kí fóònù tí a fi ń ya fọ́tò di fóònù ìkọ́ni. Kí olùkọ́ kan máa fi ohùn rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìmáàmù abúlé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ̀kọ́ kúkurú ní Yorùbá. Kí ìyá tí ó béèrè ẹni tí òun yóò bi rí nọ́ńbà kan tí òun lè pè, kí obìnrin sì wà lẹ́yìn nọ́ńbà náà.

Ọ̀rọ̀ mi kẹ́yìn wà fún ẹ̀yin ọ̀dọ́, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé ẹ̀rí Sánáwì, àti ẹ̀yin tí ẹ kà Lárúbáwá ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Láti 1973 ni ìjọba ti ń gba ọdún kan lọ́wọ́ àwọn tí ó jáde ní yunifásítì àti pólì láti fi sin ilẹ̀ bàbá wọn níbi tí wọn kò mọ̀ rí. Àwọn agùnbánirọ̀ ń lọ, wọ́n sì ń bọ̀. Ṣé a kò lè rí ẹni mẹ́rin ní gbogbo Alímọ̀ṣọ́ tí yóò fún Ọlọ́hun ní ọdún kan ní ọ̀nà Kétu? Àwọn àgbà ní àjò kì í dùn kí onílé má relé, ẹ ó padà wá. Ẹ ó sì ti di olùkọ́ ní tòótọ́, nítorí pé kò sí ẹni tí ó kọ́ ènìyàn fún ọdún kan tí òun náà kò kọ́ ẹ̀kọ́. Kí àwọn ẹgbẹ́ wa sì máa san owó tí irú wọn yóò fi jẹun, nítorí pé ẹni tí ń kọ́ni ní kéwú náà ń jẹun.

Nígbà tí wọ́n bá tún kéde ìrìn-àjò dáwà níbi àsàlátù yín, ẹ dá owó, ẹ má ṣe ahun. Ṣùgbọ́n kí ẹnìkan dìde pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí ó béèrè pé: "Ẹ̀yin alàgbà, ní ọjọ́ kẹjọ ńkọ́?" Bí wọ́n bá ní ìdáhùn, ẹ fi kún owó yín. Bí wọn kò bá ní, ẹ jẹ́ kí a jọ wá a kí mọ́tò tó gbéra.

Kí Ọlọ́hun fọ ọkàn wa mọ́ kúrò nínú ṣekárími. Kí Ó gba iṣẹ́ gbogbo ẹni tí ó ti rin ìrìn-àjò nítorí Rẹ̀. Kí Ó mú àwọn ìmáàmù abúlé wa dúró, kí Ó là wọ́n lójú sí i, kí Ó sì fún àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ẹ̀sìn ní ẹni tí wọn yóò máa bi. Kí Ó ṣàánú àwọn olùkọ́ wa tí ó ti ṣáájú. Àmín.